Bí ìtàn ìfẹ́ aláìkú àti ọmọ aráyé ṣe ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ l'Ékòó

Òfin ló ń gbé ìtàn ìfẹ́ láàrin ẹni tí kì í kú àti ẹni tó máa kú. Idán tinú rẹ̀ kò tó nǹkan. Òǹkàwé á gbà láìjanpata pé ọkùnrin kan ti wà láyé kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Àmọ́ bí òfin tó de ọkùnrin náà ní orí kìíní bá yí padà ní orí kẹwàá, á pa ìwé náà dé, kò sì ní ṣí i mọ́.

Irinṣẹ́ yìí ti wà lọ́wọ́ Yorùbá tipẹ́. Àkúdàáyà ni ẹni tó kú sí ìlú kan, tí wọ́n sin ín, tó wá ń gbé ìlú mìíràn, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó fẹ́yàwó, tó bímọ. Òfin kan ṣoṣo ló dè é: ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá fojú kàn án, ó ti lọ nìyẹn. Ìtàn ọdẹ tó fẹ́ obìnrin tó ń bọ́ awọ ẹranko sílẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mẹ́nu ba awọ tó wà nínú àká. Nínú méjèèjì, ojú èèyàn tàbí ẹnu èèyàn ló ń tú ilé ká, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dun ni títí dòní. Òǹkọ̀wé tó bá ń wá ẹ̀mí èṣù olóhùn ńlá tí yóò wá dà wọ́n láàmú ń ṣe làálàá lásán.

Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó délẹ̀, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé: ohun tó lè pa aláìkú náà, ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, àti ẹni tó ń san owó ẹ̀mí gígùn náà. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Aláìkú tí ẹ̀mí rẹ̀ kò ná an ní nǹkan kan, olówó lásán ni. Olólùfẹ́ rẹ̀ kò ní ohunkóhun láti bẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Ká ní ojú rẹ̀ dúró sí ti ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 24 nígbà tó kó dé àdúgbò, kó máa kà á lọ títí dé 38. Bó bá kọjá ọdún mẹ́rìnlá yẹn, ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà á máa béèrè ọṣẹ tó ń lò. Bí ó bá pàdé obìnrin ọmọ ọdún 28 ní ọdún kẹta, 39 ni obìnrin náà yóò jẹ́ nígbà tó bá tó àkókò láti kó ẹrù. Ọdún mọ́kànlá péré ni ìfẹ́ wọn ní. Ibùgbé náà ní ìṣirò tirẹ̀. Kò lè gbé Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ á bi í léèrè agboolé tó ti wá, wọ́n á sì fi oríkì dán an wò. Mushin tàbí Ajégúnlẹ̀ ló bá a mu, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí ayálégbé ń wọlé, tí wọ́n ń jáde.

Ní 1975, orúkọ tuntun tó láti bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Láti 2014 tí báńkì àpapọ̀ ti gbé BVN dé, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ìwé, NIN náà sì ń gba ìtẹ̀ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bó bá pààrọ̀ orúkọ, ìka yóò pe ti àtijọ́. Ohun tó kù fún un ni kówó rẹ̀ wà lórúkọ ẹlòmíràn, ẹni tó sì sún mọ́ ọn jù ni obìnrin tó fẹ́. Èyí wúlò gan-an fún ìtàn òde òní: aláìkú ló wá nílò ọmọ aráyé, bí obìnrin náà bá sì já a jù sílẹ̀, aláìkú kò ní kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́.

Ibi ìgbéyàwó ni ìtàn yìí ti dùn jù lédè wa. Kí ẹbí obìnrin tó gbà, wọ́n á wádìí: ọmọ ta ni, irú àìsàn wo ló wà nílé wọn, ṣé wọn kì í sinwín. Aláìkú kò ní bàbá, kò ní ẹ̀gbọ́n. Yóò háyà àgbàlagbà méjì tó máa jókòó bí òbí rẹ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, yóò sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìdána, ẹrù dé: iṣu 42, orógbó 42, obì, ataare, oyin. Alága ìjókòó gbé orógbó sókè: "Orógbó ní í gbó ni sáyé, ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́." Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe àmín. Ọkọ gé e jẹ, ìyàwó gbà á, ó gé tirẹ̀, ó ń wo ẹnu ọkọ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Nínú gbogbo èrò yẹn, àwọn méjì nìkan ló mọ ẹni tí àdúrà náà kò kàn.

Nítorí náà, àṣírí gbọ́dọ̀ tú sí obìnrin náà lọ́wọ́ ṣáájú ìdána, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìtàn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbọ́, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ ni, òǹkàwé kò sì ní dárí ji ọkọ náà.

Ọ̀nà tó dára láti tú u ni ahọ́n. Náírà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973. Tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ló wà ṣáájú rẹ̀, kí àwọn yẹn tó dé, ẹgbàá jẹ́ 2,000 owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Níwájú àtẹ tòmátò ní Ọyingbo, tó bá ṣèèṣì ní kí wọ́n fi tọ́rọ́ dín in, ó ti tó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kó rántí gbogbo nǹkan: afárá Carter ti 1901, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré ní Erékùṣù láti 1902 sí 1933, àjàkálẹ̀ àrùn eku ti 1924. Ẹ yan ẹyọ kan tó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 dára, bó bá jẹ́ pé òun ló pa aya rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ẹ tún ṣọ́ ọjọ́ orí afárá: ẹnikẹ́ni kò lè gba Third Mainland kọjá dé Èkó ní 1975.

Ní ìparí, kí olólùfẹ́ náà di aláìkú ló rọrùn láti kọ, òun náà ló sì ń ba ìtàn jẹ́ jù, nítorí kò sẹ́ni tó san nǹkan kan. Ti àkúdàáyà le, ṣùgbọ́n ó mọ́. Lónìí, fọ́tò inú ìwé ètò ìsìnkú kan lórí WhatsApp ẹbí ti tó láti mú un, tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ bá ti rí àkúdàáyà náà láàyè ní ibùdókọ̀ CMS. Ó gbọ́dọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá fún un ní ojú ìwé mẹ́ta láti dágbére ti rú òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí ọmọ bá sì wà, nínú ọ̀pọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu, ọmọ àkúdàáyà jẹ́ ọmọ aráyé gidi, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń dàgbà sí. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, àyàfi tí orí kìíní bá ti sọ ohun mìíràn.