Aago Kì Í Hán Bọ́ọ̀lù: Ohun Tí Eré Yáàdì 40 Kò Lè Sọ Nípa Receiver

Lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù Kejì bá ń lọ sópin, àwọn ọ̀dọ́ bíi 300 máa ń péjọ sí ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ni wọ́n, nínú irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi ọwọ́ jù tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ hán. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Combine ló kó wọn wá. Wọ́n á wọn gíga wọn, wọ́n á gbé wọn gun ìwọ̀n, wọ́n á ní kí wọ́n fò, kí wọ́n gbé irin. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan àwọn wide receiver, ìyẹn àwọn tó ń sá jáde láti lọ hán bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń dúró dè: eré yáàdì 40. Gbogbo rẹ̀ kò pé mítà 37. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 4.3 sá a, orúkọ rẹ̀ á ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ariwo yìí ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá jù lọ ni yóò dára jù lọ tó bá dé NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ má sì rò pé àwọn òǹwòran nìkan ló ń gba irú rẹ̀ gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá, tí wọ́n ń sanwó fún àwọn scout, ìyẹn àwọn tó ń bá wọn wá agbábọ́ọ̀lù, láti máa rìn káàkiri yunifásítì látòwúrọ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ti tìtorí aago mú ẹni tí kò yẹ kí wọ́n tètè mú, wọ́n sì ti fojú fo ẹni tó yẹ kí wọ́n dì mọ́.

Draft ọdún 2017 ni ẹ kọ́kọ́ wò. Draft ni ètò tí àwọn ẹgbẹ́ 32 fi ń yan àwọn tó ń bọ̀ láti yunifásítì ní oṣù Kẹrin, ní ìpele méje. Bí ẹgbẹ́ kan bá ṣe burú sí lọ́dún tó kọjá ni yóò ṣe tètè yàn sí. Lọ́dún yẹn, John Ross láti Yunifásítì Washington sá yáàdì 40 ní 4.22, ó borí 4.24 tí Chris Johnson ti di mú láti ọdún 2008. Cincinnati Bengals mú un ní ipò 9, ìyẹn ẹni kẹsàn-án tí wọ́n yàn lọ́dún náà. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, kò hán bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Lóòótọ́, ara rẹ̀ kò dá lọ́dún náà, ìfarapa sì ń dà á láàmú lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tó lò ní NFL, kò fìgbà kan di ẹni tí ipò 9 ń retí.

Ní ìpínlẹ̀ Washington kan náà, ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Eastern Washington, ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn wà tó ń jẹ́ Cooper Kupp. Ó dé Indianapolis, ó sá 4.62, àwọn ènìyàn sì mí kanlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n yan ènìyàn 68 tán ni Los Angeles Rams tó mú un. Ní sáà ọdún 2021, Kupp hán bọ́ọ̀lù 145, ó kó 1,947 yáàdì, ìyẹn gbogbo ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù tó hán mú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síwájú, ó gba touchdown 16, ìyẹn ìgbà tó gba bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá alátakò. Kò sí receiver mìíràn nínú NFL tó tó o lọ́dún yẹn nínú ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun náà ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó tayọ jù nínú Super Bowl, ìdíje àṣekágbá NFL, tó parí sáà náà.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Al Davis, tó ni Oakland Raiders nígbà náà, kò fi ìfẹ́ eré sísá pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní 2009, Darrius Heyward-Bey láti Maryland sá 4.30, Davis sì mú un ní ipò 7. Michael Crabtree ṣì wà nílẹ̀, ẹni tó hán bọ́ọ̀lù 134 ní sáà kan ṣoṣo ní Texas Tech, tó sì gba ẹ̀bùn receiver tó dára jù lọ ní gbogbo yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Ẹsẹ̀ ń dun Crabtree, kò sáré níwájú aago kankan. San Francisco mú un ní ipò 10. Heyward-Bey hán bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án péré lọ́dún àkọ́kọ́. Crabtree bá àwọn tó gbà á jiyàn owó títí sáà fi rìn jìnnà, síbẹ̀ ó hán 48.

Kí gan-an ni eré yáàdì 40 ń wọ̀n? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó fara balẹ̀, ó sì gbéra nígbà tó wù ú. Ìbọn kankan kò dún. Kò dé akoto, kò wọ ìhámọ́ra èjìká, bọ́ọ̀lù kò sí, ẹnikẹ́ni kò sì dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀nà tààrà ló ń sá. Kódà aago ọ̀hún kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ látòkèdélẹ̀: ènìyàn ló ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ara eléré bá mira, ẹ̀rọ ló ń dá a dúró lópin. Ìka tó bá pẹ́ díẹ̀ lórí aago ti tó láti sọ 4.42 di 4.38, ìyàtọ̀ yìí sì ni àwọn kan ń tìtorí rẹ̀ bú ara wọn lórí ayélujára.

Tó bá di ọjọ́ Àìkú lórí pápá NFL, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Cornerback kan, ìyẹn alátakò tó ń ṣọ́ receiver, dúró síwájú rẹ̀, ó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì tì í láyà gbàrà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kó bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ó ń gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ń fi èjìká tàn án bí ẹni fẹ́ ya ọ̀tún kó tó ya òsì. Bí wọ́n bá dá a dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, 4.22 rẹ̀ kò wúlò mọ́, torí pé quarterback kì í sábà ní ju ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ sí mẹ́ta lọ kí àwọn géńdé tó ń lé e tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ká ní ó bọ́. Ohun tó kàn, tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, ni bí ó ṣe mọ dídúró sí. Àwọn tó dára nínú wọn máa ń sá bí ẹni tí kò ní dúró láéláé, tí wọ́n bá dé yáàdì 15, wọ́n á fi ìṣísẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta pa eré náà, wọ́n á yí padà, bọ́ọ̀lù á ti wà lójú ọ̀run. Quarterback ti jù ú kí receiver tó kọjú sí i. Bí receiver bá pẹ́ ní ìṣísẹ̀ kan, ọwọ́ alátakò ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Bó bá sì ti ń dín eré kù láti ọ̀nà jíjìn, tó ń nàró díẹ̀díẹ̀, cornerback ti mọ ohun tó ń bọ̀, á sì ti dúró dè é. Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù tiwa náà mọ irú wínńgà kan, tí kò sí ẹni tó lè lé bá létí pápá, tí bọ́ọ̀lù tó gbé wọlé kò sì jẹ́ kan orí ẹnikẹ́ni rí.

Òfin pàápàá yí padà láàrin yunifásítì àti NFL. Ní yunifásítì, bí ẹsẹ̀ kan bá ti kan ilẹ̀ nínú ìlà nígbà tí ẹni náà di bọ́ọ̀lù mú, ó ti tó. NFL fẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ ó pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù tó gbé ọ̀dọ́ kan dé orí tẹlifíṣọ̀n ní yunifásítì tí rẹfirí NFL yóò fagi lé.

Nínú àwọn tí aago kò lè sọ bí wọ́n ṣe dára tó, àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni Jerry Rice. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Mississippi ló ti wá ní 1985, Mississippi Valley State, àwọn kan sì ń sọ pé eré rẹ̀ kò yá tó. Ipò 16 ni San Francisco ti mú un. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ó ti kó 22,895 yáàdì. Ẹni tó tẹ̀ lé e títí di òní, Larry Fitzgerald, kó 17,492. Rice lè má jẹ́ gbajúmọ̀ níwájú aago, ṣùgbọ́n eré tó ń sá pẹ̀lú akoto lórí àti bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tó ń sá láìsí wọn, àwọn tó yára jù ú lọ lórí ìwé kì í sì í sábà lé e bá.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ pé eré kò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ ọn. Bí cornerback bá ń bẹ̀rù pé ẹni iwájú òun lè fò kọjá òun, á sún sẹ́yìn, ibi tó sún kúrò yẹn sì ti di ti receiver. Calvin Johnson wọn kìlógíráàmù 108, ó sì sá 4.35, Detroit mú un ní ipò 2 ní 2007, ní 2012 ó kó 1,964 yáàdì ní sáà kan, èyí tí ẹnì kankan kò kó rí ṣáájú rẹ̀. Ẹ wá wo ọkùnrin méjì tó gba góòlù Olíńpíìkì nínú eré mítà 100. Bob Hayes gba tiẹ̀ ní Tokyo ní 1964, ó lọ sí Dallas Cowboys, ó gba òrùka Super Bowl, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù náà. Jim Hines gba tiẹ̀ ní Mexico City ní 1968, ní 9.95, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tí aago ẹ̀rọ ká mọ́ ìsàlẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Òun náà lọ gbá irú bọ́ọ̀lù yìí, ní Miami. Bọ́ọ̀lù méjì péré ló hán níbẹ̀. Àwọn ọmọ aráyé tó yára jù lọ nígbà ayé wọn ni àwọn méjèèjì. Hayes ní ọwọ́, ó sì mọ eré náà.

Àwọn kan ti wá yí sí ìdánwò mìíràn, wọ́n ní eré tí wọ́n ń sá yí kóònù mẹ́ta ká ló ń sọ òótọ́. Ìyẹn náà kò tó. Ní 2019, DK Metcalf sá yáàdì 40 ní 4.33, ó wá fi 7.38 yí kóònù ká, èyí tó lọ́ra gan-an, wọ́n sì jẹ́ kó ṣubú dé ipò 64. Lọ́dún kejì rẹ̀ ní Seattle ó kó 1,303 yáàdì. Ẹni tó bá fi fídíò ìdíje tí wọ́n ti gbá sílẹ̀ tó ń lé nọ́ńbà kiri, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Nínú fídíò, ìgbà tí bọ́ọ̀lù kò lọ sọ́dọ̀ receiver ló yẹ kéèyàn máa wò. Ṣé ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ? Ta ló ń ṣọ́ ọ gan-an, ṣé ẹni tí òun náà yóò dé NFL ni, àbí ọmọ tí yóò lọ wá iṣẹ́ báńkì? Ṣé ọwọ́ ló fi ń hán an, níwájú ara, àbí àyà ló fi ń gbà á? Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 23 bá ń fìyà jẹ àwọn ọmọ ọdún 18, ẹ dín in kù nínú ìyìn rẹ̀. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ bá ń ní kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù ní ìgbà 50 nínú ìdíje kan, yáàdì 1,000 lè má tó nǹkan.

Àwọn Yorùbá tó ń tẹ̀ lé NFL á mọ orúkọ Olamide Zaccheaus. Ó kúrò ní Yunifásítì Virginia ní 2019, kò ga, ẹgbẹ́ kankan kò sì yàn án nínú ìpele méjèèje. Atlanta gbà á láìsí draft. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó hán ní NFL, ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, touchdown yáàdì 93 ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn máa pè é láti ìgbà náà ni pé bí wọ́n bá ní kó wà ní yáàdì 8, yáàdì 8 náà ni wọ́n máa bá a.

Ó dà bíi pé àwọn ẹgbẹ́ ti ń kọ́gbọ́n. Ní 2024, Xavier Worthy láti Texas sá 4.21, ó sì gba ipò lọ́wọ́ John Ross. Kìlógíráàmù 75 péré ló wọ̀n, wọ́n sì ti rí i nínú fídíò pé cornerback tó lágbára lè dà á láàmú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó mú un ní ipò 9. Ipò 28 ni Kansas City ti mú un, wọ́n sì fi àyè fún un láti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Andy Reid. Nínú Super Bowl tó parí sáà náà, tí Philadelphia ti nà wọ́n 40 sí 22, ó hán bọ́ọ̀lù mẹ́jọ, ó kó 157 yáàdì, ó sì gba touchdown méjì.