Àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun nínú NBA Summer League

NBA Summer League ni ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí wọ́n máa ń gbá lóṣù keje ọdún ní Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ti máa ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun. Èsì rẹ̀ kì í wọ àkọsílẹ̀ sáà gidi, síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ eré náà máa ń fi í díwọ̀n ẹni tuntun. Ẹni tó bá gbá a dáadáa, wọ́n á ní ìràwọ̀ ti yọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ṣì, wọ́n á ní owó ẹgbẹ́ ti bá omi lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, sáà gidi kì í pẹ́ já wọn nírọ́.

Bí ìdíje náà ṣe rí

Ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Las Vegas, ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló sì wá. Nígbà tó fi máa di ọdún 2018, gbogbo ẹgbẹ́ 30 tó wà ní NBA ló ti ń kópa. Gbọ̀ngàn méjì tó wà nítòsí ara wọn ní yunifásítì ìlú náà, Thomas & Mack Center àti Cox Pavilion, ni wọ́n ti ń gbá a. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń ṣe àṣekágbá tí ẹgbẹ́ kan á fi gbégbá orókè. Golden State Warriors ló kọ́kọ́ gbà á. Àwọn ìdíje kéékèèké míì máa ń ṣáájú rẹ̀ ní Salt Lake City àti ní California. Wọn ò ṣe é lọ́dún 2011, nígbà tí aáwọ̀ owó wà láàárín àwọn tó ni ẹgbẹ́ àtàwọn agbábọ́ọ̀lù, wọn ò sì ṣe é lọ́dún 2020 nítorí àrùn kòrónà.

Òfin rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 ni eré kan, kì í ṣe 48. Ní sáà gidi, ẹni tó bá ṣe fáùlù mẹ́fà ti kúrò lórí pápá nìyẹn, ṣùgbọ́n ní Summer League, ó di mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti rí bí ọmọ ọdún 19 ṣe ń fa àgbà lápá nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá a mọ́ á mọ ìdí tí wọ́n fi fi mẹ́rin lé e.

Ìdí tí èsì rẹ̀ fi máa ń tanni

Ìparí oṣù kẹfà ni NBA Draft, ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, sábà máa ń wáyé, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Las Vegas ti dé. Láàárín àkókò yìí, ọ̀dọ́ náà á kó ẹrù lọ sí ìlú tí kò gbé rí, á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, á sì fi ọjọ́ mélòó kan ṣe ìgbáradì pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ rí. Nínú wọn ni àwọn tí wọ́n yàn lọ́dún tó kọjá wà, àtàwọn tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù kiri ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n fẹ́ padà wálé, àtàwọn tí ẹgbẹ́ kankan ò yàn. Ẹni tí wọ́n bá yàn ní ìpele kìíní, owó rẹ̀ ti dájú, nítorí òfin ti to iye rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn yòókù ń wáṣẹ́ ni, ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ta bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù dárí, tó lè dá sáré kó sì dá a jù, fi máa ń tàn yòò níbẹ̀, tí àgùnfọn tó dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ á máa na ọwọ́ lásán.

Kò ju eré márùn-ún sí mẹ́fà lọ tí ẹgbẹ́ kan máa ń gbá ní Las Vegas. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan lè dà bí òrìṣà. Lọ́dún 2012, àwọn méjì ni wọ́n jọ pín àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jùlọ: Damian Lillard ti Portland Trail Blazers àti Josh Selby ti Memphis Grizzlies. Gbogbo olùdìbò ló yan Lillard ní agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jùlọ ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ní ti Selby, tó ti lo sáà kan ní NBA kó tó gba àmì-ẹ̀yẹ náà, eré mẹ́wàá péré ló tún gbá níbẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Trae Young, tí Atlanta Hawks gbà lọ́dún 2018, ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá láti ẹ̀yìn ìlà aláàmì mẹ́ta nínú eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Salt Lake City. Ẹyọ kan ló wọlé. Nínú gbogbo 20 tó jù lọ́jọ́ náà, mẹ́rin ló wọlé. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an, pàápàá nítorí pé Luka Doncic ni Hawks fi sílẹ̀ fún Dallas kí wọ́n tó rí i gbà. Àmì 19.1 ni Young ń jẹ nínú eré kọ̀ọ̀kan ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́. Doncic ò tilẹ̀ gbá Summer League ọdún náà, òun ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tuntun.

Ọjọ́ méjì Wembanyama

Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni San Antonio Spurs fi Victor Wembanyama, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe àkọ́yàn. Ọjọ́ 7 oṣù keje, ó ti wà lórí pápá níwájú Charlotte Hornets, èrò sì kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Ó ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, méjì ló wọlé. Àmì mẹ́sàn-án ló jẹ. Nígbà tí eré parí, ó sọ fáwọn akọ̀ròyìn pé òun ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tóun ń ṣe lórí pápá.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àkọsílẹ̀ eré náà á rí i pé ó gbá bọ́ọ̀lù márùn-ún dànù mọ́ àwọn Hornets lọ́wọ́, ó sì he mẹ́jọ tó ta padà láti ara apẹ̀rẹ̀. Spurs ló borí, 76 sí 68. Ọwọ́ tó fi ń jù ú ni kò tíì balẹ̀. Ìyókù ti wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 9 oṣù náà, ó jẹ àmì 27, ó sì he bọ́ọ̀lù 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Portland na Spurs. Wọ́n ní kó lọ sinmi lẹ́yìn náà. Ní sáà 2023–24, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù dànù tó o ní gbogbo NBA.

Ìpalára

Ìsinmi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkẹ́ra-ẹni-bàjẹ́. Lọ́dún 2019, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni Zion Williamson ti New Orleans Pelicans gbá tí orúnkún rẹ̀ fi kọlu ti ẹlòmíì. Wọn ò jẹ́ kó gbá a mọ́. Alẹ́ yẹn kan náà ni ilẹ̀ mì tìtì láti California dé Las Vegas, tí wọ́n sì dá eré náà dúró láìparí. Blake Griffin ló peregedé jùlọ lọ́dún 2009, àmọ́ egungun orúnkún tó dá kó tó wọ sáà gidi mú un jókòó fún odindi sáà kan.

Àwọn tí orúkọ wọn jẹ́ ti Yorùbá

Ayo Dosunmu, tí Chicago Bulls yàn sípò 38 lọ́dún 2021, gba Las Vegas kọjá kó tó wọ sáà gidi. Bam Adebayo ti Miami Heat náà gbá Summer League ní 2017.

Ti Giannis Antetokounmpo yàtọ̀. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé náà kí àwọn Gíríìkì tó kọ ọ́ bó ṣe yọ létí wọn. Milwaukee Bucks yàn án sípò 15 lọ́dún 2013, ṣùgbọ́n lóṣù keje ọdún náà, ó wà ní Estonia pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ Gíríìsì tí ọjọ́ orí wọn kò ju ogún ọdún lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó dé Las Vegas. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun rẹ̀, Jason Kidd, gbé iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fún àwọn kúkúrú lé e lọ́wọ́: kó máa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn, kó sì máa pín in. Ó ń ṣì í dànù nígbà míì. Lọ́dún 2016, iṣẹ́ yẹn gan-an ni Bucks fún un nínú sáà gidi.