Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu Gipp?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ ò ní dárúkọ George Gipp, tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré) fún Yunifásítì Notre Dame, kí ẹnìkan má sọ pé orí ibùsùn ikú ló ti bẹ Notre Dame pé lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, kí wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan nítorí "Gipper", ìnagijẹ rẹ̀. Sinimá ọdún 1940 tí Ronald Reagan ti ṣe Gipp ló gbé e káyé. Nígbà tí Reagan di olóṣèlú, ó ń lò ó kiri.

Pé ọkùnrin náà mọ bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó ń jà á níyàn. Ọmọ Laurium ní Michigan ni. Yáàdì 2,341 tó fi gbé bọ́ọ̀lù sáré, ọdún 1978 ni ọmọ Notre Dame mìíràn tó kọjá rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ló kọ́kọ́ dùn ún, ó di òtútù àyà, ó sì kú ní December 14, 1920, lẹ́ni ọdún 25.

Ta wá ni ẹlẹ́rìí? Knute Rockne, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, òun nìkan. Odindi ọdún mẹ́jọ ló fi ọ̀rọ̀ náà sínú, àfi ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fìdí rẹmi, tí wọ́n fẹ́ kojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléèwé ológun West Point ní Yankee Stadium, November 10, 1928, ló tó rántí. Wọ́n borí, 12 sí 6. Àwọn tó wà nínú yàrá náà gan-an ò fẹnu kò: àwọn kan ní kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ló sọ ọ́, àwọn kan ní ìgbà ìsinmi ni.

Rockne yìí kan náà ni, lọ́dún 1922, tó fa tẹligíráàmù yọ ní Atlanta: Billy ọmọ òun wà nílé ìwòsàn, Billy sì ní kí wọ́n bá òun na Georgia Tech, yunifásítì tí wọ́n fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n nà wọ́n. Nígbà tí rélùwéè gbé wọn padà délé, Billy ló wá pàdé wọn, ó ń fò sókè fáyọ̀, ara rẹ̀ le koko.

N kò ní irọ́ ni o. Gipp lè sọ nǹkan kan; aláìsàn kì í yadi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi tẹ́tẹ́ àti bílíádì dá alẹ́ mọ́jú ni wọ́n sọ di wòlíì yìí. Òkú ò sì lè jáde wá sẹ́, bẹ́ẹ̀ ni bàálù ti já pa Rockne láti 1931.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti fi í wàásù fọ́mọ iléèwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "Rockne ló sọ pé" ṣáájú.