Bí Pákó Kò Bá Tẹ́ Pẹrẹsẹ, Ẹ Fi Agbára Lésà Sílẹ̀ Jẹ́ẹ́

Bí lésà, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ gé nǹkan, kò bá ti gé pákó fẹ́lẹ́ já, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á fi kún agbára rẹ̀. Kò já síbẹ̀, wọ́n á dín eré rẹ̀ kù. Nígbà tí apá kan bá ti di èédú, tí apá kejì ṣì lẹ̀ típẹ́típẹ́, ọlọ́gbọ́n kan á yọjú, á ní túùbù tó ń mú ìtànṣán jáde ti gbó, ẹ lọ ra tuntun. Túùbù kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ fi rúlà lé orí pákó náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rúlà. Ibi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni àìsàn wà.

Ìtànṣán lésà kò gún ṣánṣán bí abẹ́rẹ́. Bí gángan ló rí: ó fẹ̀ lókè, ó fún ní ìbàdí, ó tún fẹ̀ nísàlẹ̀. Ìbàdí yẹn ló ń gé nǹkan. Lábẹ́ lẹ́ńsì tó ń kó ìtànṣán jọ sójú kan ní mìlímítà 50 sísàlẹ̀, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CO2 (lésà tó ń lo gáàsì carbon dioxide), gígùn rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 2 sí 3 lọ. Plywood tó bá wú ní mìlímítà 4 láàárín ti kúrò níbẹ̀. Iná tó yẹ kó rì wọlé á kàn tàn ká ojú igi. Gbogbo agbára tí ẹ wá ń fi kún un, etí ojú gígé ló ń sun.

Kí ẹ tó di pákó mú, ẹ wo ibi tó tẹ̀ sí. Ẹ gbé e kalẹ̀ bí abọ́ tó dojú kọ òkè, kí àárín rẹ̀ fara kan tábìlì, kí etí máa gbé sókè. Etí ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀ bí igbá, àárín ló máa wú, kò sì sí ohun tí ẹ lè gbé síbẹ̀ tí kò ní dí lésà lọ́nà. Àwọn tó ń wọ́n omi sójú pákó kó lè nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Ọ̀rinrin tí kò dọ́gba lójú méjèèjì ló tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òòfà dára bí tábìlì afárá oyin yín, tábìlì oníhò tí pákó ń jókòó lé, bá jẹ́ irin. Alumíníọ̀mù kì í gba òòfà. Kí òòfà náà rẹlẹ̀ ju àlàfo tó wà láàárín imú ẹ̀rọ, ibi tí ìtànṣán ti ń jáde, àti ojú pákó lọ. Bí imú ẹ̀rọ bá gbá a, orí ẹ̀rọ á ṣi ìrìn, gbogbo ohun tó bá gé lẹ́yìn náà á yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èèkàn ni ọ̀gá. Àjákù plywood onímìlímítà 3 la fi ń gé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á gùn tó mìlímítà 25, á máa tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kó lè wọ inú ihò afárá. Orí rẹ̀ á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mìlímítà 4, òun ló ń gun etí pákó, kó má sì ga ju mìlímítà 3 lọ lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń bà jẹ́, torí wọn kì í wọn ihò. Afárá kan kì í rí bí èkejì. Ẹ wọn ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ gé èèkàn mẹ́ta tí ìbú wọn fi mìlímítà 0.1 ju ara wọn lọ. Èyí tó bá wọlé tagídítagídí, tí kò sì mì, ogún irú rẹ̀ ni kí ẹ gé. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ pákó dé ilẹ̀ tábìlì kí ẹ tó ti èèkàn bọlẹ̀. Èèkàn ń di nǹkan mú ni, kì í fà á wálẹ̀. Ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, òmíràn láàárín etí tó gùn.

Ihò inú ni kí ẹ gé kí ẹ tó gé ìta. Ohun tí a bá ti gé ìta rẹ̀ já ti di aláìnídè.

Bébà ní tirẹ̀ kì í wú, fífò ló ń fò. Ẹ dín atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti imú ẹ̀rọ kù. Bí fáànù tó ń fa èéfín bá ń fà láti abẹ́ tábìlì, ẹ fi irin pẹlẹbẹ bo ihò tó ṣófo yí bébà ká, fáànù náà á fà á mọ́lẹ̀ fún yín. Ẹ fi ibi tóóró bíi mìlímítà 0.5 sílẹ̀ láìgé lára ohun kéékèèké, kó má baà ta dànù.

Ẹni tó bá dí bọ́tìnnì ìdérí ẹ̀rọ, èyí tó ń pa lésà bí ìdérí bá ṣí, pa kó lè máa fi ìka tẹ bébà mọ́lẹ̀ nígbà tí lésà ń ṣiṣẹ́, kó rántí pé ojú kì í rí ìtànṣán CO2. Ojú tí kò rí i ni ó ń jó.

Àwọn tó ń lo sítíkà vinyl láti lẹ bébà mọ́ tábìlì ló burú jù. PVC, rọ́bà tó ní chlorine nínú, ni vinyl. Bí lésà bá kàn án, gáàsì hydrogen chloride ló ń tú jáde. Bó bá bá ọ̀rinrin pàdé, ó di ásíìdì: nínú ẹ̀dọ̀fóró yín, lójú lẹ́ńsì, lára irin tí orí ẹ̀rọ ń gùn. Ẹ̀rọ tó dán yanran á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Téèpù oníbébà ni kí ẹ lò. Bí rọ́bà kan kò bá yé yín, ẹ gba ìta lọ, kí ẹ fi pínsà mú wáyà bàbà, kí ẹ yan án nínú iná gáàsì títí àwọ̀ iná kò fi ní yí mọ́. Ẹ fi wáyà gbígbóná náà kan rọ́bà kó mú bíńtín níbẹ̀, kí ẹ dá a padà sínú iná, kí ẹ gbójú kúrò nínú èéfín. Bí iná bá di àwọ̀ ewé, ó ṣeé ṣe kí chlorine wà nínú rẹ̀, kí rọ́bà náà má dé ìtòsí ẹ̀rọ yín.