NFT: ìwé ilẹ̀ lẹ rà o, àwòrán ò sí nínú ẹ̀

Blockchain ò lè tó ohun tá a máa fi ọjọ́ gbogbo ṣàlàyé: ìwé àkọsílẹ̀ kan ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ló ní ẹ̀dà ẹ̀ lọ́wọ́, ẹnì kan ò sì lè dá pa ìlà kan rẹ́ níbẹ̀. Ó tán. Àwọn tó ń bíni nínú ni àwọn tó ra NFT, ìyẹn token (àmì orí blockchain) tó ń sọ ẹni tó ni nǹkan bí àwòrán, tí wọ́n wá ń sọ pé àwòrán táwọn rà "wà lórí blockchain." Àwòrán wo?

Ẹni tó ra plọ́ọ̀tì kan ní Mọníyà, ìwé ló gbé wálé, kò di ilẹ̀ sápò. Sọ́fè tó wà nínú ìwé yẹn ló ń júwe ibi tí ilẹ̀ wà. Token náà nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ohun tó wà lórí Ethereum, ọ̀kan lára àwọn blockchain, ò ju nọ́ńbà kan, àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì (àpò orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ẹni tó ni ín, àti líǹkì kan. Ẹ tẹ líǹkì yẹn, fáìlì kékeré kan lẹ máa bá, orúkọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, àlàyé díẹ̀, líǹkì míì tún wà níbẹ̀, ìkejì yìí ló wá mú yín dé ọ̀dọ̀ àwòrán. Wọ́n ò ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀ o, àyè ìkọ̀wé lórí Ethereum wọ́n bí ojú, fọ́tò Cocoa House kan tẹ́ ẹ fi fóònù yà, ní 2021, owó tó máa kó o wọ ibẹ̀ tán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ra ilẹ̀ gidi.

Tí líǹkì yẹn bá wá ń júwe server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì) ilé iṣẹ́ kan, ọjọ́ tí wọn ò bá sanwó server mọ́, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ yín, sọ́fè pé, ẹ débẹ̀ ẹ bá òfìfo. Wọ́n tiẹ̀ lè pààrọ̀ ẹ̀ láìfọwọ́ kan líǹkì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ rà, ẹ wá bá àtíbàbà.

IPFS, ètò tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú fáìlì tí wọ́n sì ń pín in, ló gbọ́n sí èyí. Orúkọ tí fáìlì ń jẹ́ níbẹ̀, inú fáìlì fúnra ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀ jáde, ẹ yí tóótó kan nínú àwòrán, orúkọ yí pátápátá, torí náà kò sẹ́ni tó lè fi àtíbàbà rọ́pò pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àmọ́ ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ máa tọ́jú fáìlì ọ̀hún, tí gbogbo ẹni tó ní i bá pa á rẹ́, orúkọ lásán ló kù. Larva Labs, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe NFT, ò fẹ́ wàhálà yẹn rárá, ní 2019 wọ́n gbé àwọn NFT tó ń jẹ́ Autoglyphs jáde, kóòdù tó ń ya àwòrán wà lórí Ethereum gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń pariwo pé kí ló dé téèyàn á fi rà á nígbà tó lè ya screenshot ẹ̀ lásán, iṣẹ́ Beeple, ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà, tí Christie's, ilé gbàǹjo, tà ní lé ní mílíọ̀nù 69 dọ́là ní March 2021, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ dòní. Ẹni tó ya fọ́tò ilé kan ní Bódìjà ò tíì di lándílọ́ọ̀dù.

Èyí tó burú jù nínú ẹ̀ ni pé ìwé yìí ò mọ ẹni tó ni ilẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè mú iṣẹ́ ayàwòrán lórí Instagram kó sọ ọ́ di token, Ethereum á kọ ọ́ sílẹ̀ kedere tòun ti wákàtí, kò sì ní pa á rẹ́ mọ́, ọmọ onílẹ̀ ta ilẹ̀ onílẹ̀, rìsíìtì ẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ìdí nìyẹn táwọn tójú wọn là fi ń kọ́kọ́ lọ sójú ìwé ayàwòrán fúnra ẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá àdírẹ́sì contract (kóòdù orí blockchain tó ń ṣe token náà jáde) tó gbé síbẹ̀ bá èyí tí wọ́n fẹ́ sanwó fún mu, bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ṣe máa ń yà béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò.