Bí ẹni tí kò ríran ṣe ń gún iyán n'Íléṣà

Kókó inú iyán funfun, iyán fúnra rẹ̀ náà funfun. Ojú kì í tètè rí i. Ìka ló ń rí i. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa sọ fún ẹni tí kò ríran pé, "Ẹ jókòó, a ó gbé e wá bá yín," nígbà tí odó bá ti dé àgbàlá.

Láti ọjà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Ọjà Atákúmọ̀sà, ọwọ́ ni àwọn tó ríran pàápàá fi ń yẹ iṣu wò: wọ́n á gbé e wò bóyá ó wúwo, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ orí àti ìdí rẹ̀. Ibi tó bá rọ̀ ti ń jẹrà. Irú iṣu ló yẹ ní bíbéèrè, torí ewùrà dára fún ìkọ́kọrẹ́ àti òjòjò, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣu iyán.

Lórí iná, ọ̀bẹ ló ń sọ bí iṣu ti jinná sí. Omi gbígbóná ló léwu. Kí ìkòkò, igbá omi àti odó má ṣe kúrò níbi tí wọ́n wà. Ẹni tó bá sún ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta.

Nídìí odó ni etí ti ń ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tí iṣu kò tíì fọ́, á máa dún gbì, gbì, ọmọ odó á sì máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó ti ń fọ́ ni ìró ń rọ̀. Bó bá wá di iyán, á di ọmọ odó mú, apá á sì mọ̀ ọ́n, torí gbígbé e sókè á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ẹni méjì bá jọ ń gún un, ìró ọmọ odó ẹnì kejì ni kálukú ń dúró dè kó tó sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ayé ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ odó láti yí iyán láìkọ́kọ́ ké pé "Ẹ dúró!" kó sì gbọ́ èsì.

Lẹ́yìn náà ni ẹni tó gún un á fi ọwọ́ bọ omi, á máa tẹ iyán kiri títí kókó á fi tán.

Nídìí oúnjẹ, àṣà wa ti tún ọ̀nà ṣe tẹ́lẹ̀: ọwọ́ la fi ń jẹ iyán. Ohun tó kù ni kí ẹni tó gbé e wá là á yé: "Màmá, iyán rèé níwájú yín, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹja inú rẹ̀ ní eegun." Kí ó má ṣe bá wọn bu òkèlè, àfi tí wọ́n bá ní kó bá àwọn bù ú.