Bí díńgí aláwọ̀ ṣe ń dúró nínú irin ní ibùdókọ̀

Ẹni tó bá ti dúró de ọkọ̀ rí ní Láàgẹrè lọ́sàn-án gangan mọ ohun tí oòrùn Ifẹ̀ ń fi ojú ọ̀dà rí. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ọnà orí díńgí ibùdókọ̀ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà.

Inú iná ni àwọ̀ ti ń wọ̀ ọ́. Wọ́n á lọ díńgí aláwọ̀ kúnná bí àtíkè, wọ́n á pò ó, wọ́n á fi tẹ àwòrán sára díńgí tó mọ́ gaara, ó di iléru. Bí ooru bá ti kọjá 600°C, lẹ́búlẹ́bú yẹn á yọ́, á di ara díńgí. Èékánná kò lè họ ọ́ mọ́.

Ifẹ̀ mọ irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ní Ìgbó Olókun, awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú ìlẹ̀kẹ̀ díńgí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì tí díńgí ṣì lẹ̀ mọ́ lára. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 ni wọ́n ṣe wọ́n. Àwọn kan ti rò pé àfọ́kù òkè òkun ni Ifẹ̀ ń tún yọ́, àmọ́ èròjà inú díńgí Ifẹ̀ yàtọ̀ sí ti Yúróòpù àti ti Lárúbáwá. Cobalt, irú mẹ́tàlì kan, ló fún ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ búlúù wọn láwọ̀. Òun náà ni wọ́n ń pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú búlúù òde òní. Búlúù yẹn ló yẹ kí ibùdókọ̀ Ifẹ̀ kọ́kọ́ lò.

Bí díńgí bá ṣe ń jáde nínú iná ni wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn líle sí i. Ìta á tètè tutù, á le. Bí inú bá wá ń tutù bọ̀, á máa sún kì, á máa fa ìta mọ́ra. Ìfàmọ́ra yìí lagbára rẹ̀. Bí òkúta bá pàpà fọ́ ọ, wóró wóró ló ń dà sílẹ̀, bí àgbàdo tí wọ́n yìn, kì í mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n kò ṣeé gé mọ́, kò ṣeé lu mọ́: gbogbo ihò gbọ́dọ̀ ti wà kó tó wọná.

Ní ti irin tó di díńgí mú, stainless, irin tí kì í tètè dípẹtà, ló dáa jù. Chromium inú rẹ̀, tí kì í dín sí ìdá 10.5 nínú 100, máa ń bo ojú rẹ̀ bí awọ tín-ín-rín. Bí nǹkan bá họ ọ́, á tún hù. Ifẹ̀ jìnnà sí òkun, kò nílò oríṣi ọ̀wọ́n tí iyọ̀ etíkun Èkó ń béèrè.

Ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé ló le jù. Stainless mítà 3 tó fi 40°C gbóná sí i á gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 2. Díńgí, bíi 1 péré. Bí wẹ́dà bá fún wọn pọ̀ pinpin, etí díńgí á là. Rọ́bà ló ń wà láàárín wọn, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ àti ihò kékeré nísàlẹ̀ férémù kí omi òjò máa jáde. Eruku ọyẹ́ máa ń dí ihò yẹn. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí ẹni tó ń tọ́jú ibùdókọ̀ ti fi wáyà tín-ín-rín gún un.